Okùn Tí Gbénró Fi Wọ̀n Mí

Èmi Múlíkátù, tí mo ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé yìí ní Mushin, ni mo kọ ìwé yìí. Bàbá onílé wa ló ń sọ ọ́, èmi kàn ń kọ ọ́ ni. Bàbá kò lọ sílé ìwé rí, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn bá wọn kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ọmọ náà wà nínú rẹ̀. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti di olóògbé tipẹ́. Ọkọ̀ oníṣu ni yóò gbé ìwé náà dé abúlé, ọmọ àbúrò wọn obìnrin yóò sì kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Wọ́n ní kí n máa ka ohun tí mo bá kọ sókè kí wọ́n tó sọ òmíràn, kí n má baà fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un. Mi ò fi kún un.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Èmi ni, ọmọ yín tó wà ní Èkó. Mo ṣì wà lókè eèpẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, kí ẹlòmíràn má wá sọ nǹkan mìíràn fún yín. Orúnkún ń dùn mí, ojú mi òsì ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n mo ń jẹun, mo sì ń rìn dé ẹnu títì fúnra mi. Ọ̀pá yín ni mo fi ń tilẹ̀. Orí pupa rẹ̀ ṣì ń dán bí ìgbà tí ẹ máa ń fi àtàǹpàkò ra á tí ẹ bá ń ronú.

Nítorí orí pupa yẹn ni mo ṣe ní kí wọ́n kọ ìwé yìí. Gbénró fẹ́ gbà á. Mi ò tíì dá a lóhùn, torí kì í ṣe tèmi, tiyín ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ kí n ro bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn fún yín, kí ẹ lè fura bí èmi náà ṣe ń fura.

Ẹ rántí Gbénró, ọmọ mi kan ṣoṣo. Ó ti di àgbà ọkùnrin. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Yaba. Òun àti Rónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń gbé lókè, èmi wà nísàlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kí mi, á jẹun, á sùn. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ìwà rẹ̀ ti yí padà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Tí mo bá yọ, wọ́n á dákẹ́, Rónkẹ́ á ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?” Ṣé mo sọ fún un pé ebi ń pa mí ni? Gbénró sì ń wo ọ̀pá yín. Tí mo bá gbé e ti àga, ojú rẹ̀ á lọ síbẹ̀ bí ojú ológbò tó rí ẹja lórí ààrò.

Mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹran tó ń jẹ iṣu òun kì í pariwo lóko.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó ní pálọ̀. Ó wọlé, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde dúró fún mi díẹ̀.” Mo dìde. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi. Mo rò pé Múlíkátù ló rán an, pé wọ́n fẹ́ rán ṣòkòtò fún mi, ni mo bá na ara mi gan-an. Ó fi etí okùn kan sábẹ́ gìgísẹ̀ mi, ó fà á gòkè, ó fi eyín gé e. Bàbá, ó gé e.

Mo ní, “Kí lò ń wọ̀n?”

Ó ní, “Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Ẹ máa rí i tó bá yá.”

Tó bá yá! Ara mi tutù. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ lọ, èmi ni mo wọ̀n yín. Láti gìgísẹ̀ dé àtàrí ni mo na okùn náà, mo gé e, mo gbé e lọ bá káfíńtà. Nígbà tó kan pósí tán, mo gba okùn náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí wọ́n tó kan ìdérí. Bí àwọn àgbà abúlé wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó wà láàyè, a kì í gé okùn sí ìwọ̀n rẹ̀. Aránṣọ pàápàá, tépù ló fi ń wọ̀n ènìyàn, á sì ká tépù rẹ̀ padà. Okùn tí a bá ti gé ń dúró de ẹni tó ni ín ni. Ṣé Gbénró kò mọ̀ ni? Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ó lè jẹ́ pé kò mọ̀. Àbí ó mọ̀?

Orí tẹlifíṣọ̀n ló gbé okùn náà lé nígbà tó lọ fọwọ́. Mo mú un, mo fi sápò, mo lọ ti ìlẹ̀kùn yàrá mi. Mo dùbúlẹ̀, mo na okùn náà láti gìgísẹ̀ mi lọ sókè. Ìgúnpá ló mọ. Mo tún un nà, ìgúnpá náà ni. Pósí wo ló mọ sí ìgúnpá? Ṣé wọ́n fẹ́ ká mi bí ẹní ni? Ìyẹn gan-an wá dá kún ẹ̀rù mi. Mo fi okùn náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Wọ́n wá a káàkiri. Rónkẹ́ ń gbé tìmùtìmù sókè, Gbénró ń wo abẹ́ àga.

“Bàbá, ẹ ò rí okùn kan níbí?”

Mo ní, “Okùn wo? Ṣé ewúrẹ́ ló já ni?”

Ọjọ́ Sátidé, ó jáde, mo tẹ̀ lé e. Ibi tí ó yà sí kò yà mí lẹ́nu: ṣọ́ọ̀bù Làmídì káfíńtà ni. Làmídì ń kan bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n pósí ló ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan, mo ń wò wọ́n. Pákó gígùn méjì wà nílẹ̀ láàárín àwọn pósí náà, wọ́n ga jù mí lọ, wọ́n ti kùn wọ́n ní dúdú. Gbénró ń fi ọwọ́ pa wọ́n bí ẹni tó ra ẹṣin tuntun.

Làmídì gbójú sókè. “Bọ̀dá Gbénró, bàbá kan ń wò wá láti ẹ̀yìn Màrúwá o.”

“Bàbá wo?”

“Bàbá tó ní ọ̀pá olórí pupa.”

Mo jáde sí wọn. Mo ní, “Gbénró, ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá.”

“Ta ló fẹ́ kú?”

Làmídì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, kì í ṣe pósí. Ẹ wò ó dáadáa. Òòró ló máa wà. Ta ni wọ́n ń sin lóòró? Fèrèsé sì máa wà níwájú rẹ̀. Òkú wo ló ń yọjú?”

Mo ní, “Òkú olówó. Mo ti rí pósí onígíláàsì rí. Má pè mí lọ́mọdé.”

Gbénró kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, géèmù ni. Géèmù Ojúẹlẹ́gbà. Ẹ ò rántí?”

Bàbá, mo rántí. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Nígbà tí Gbénró kéré, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ojúẹlẹ́gbà tí àpótí géèmù kún inú rẹ̀. Wọ́n dúró lóòró bí kọ́bọ́ọ̀dù, gíláàsì níwájú, ọ̀pá kékeré kan àti bọ́tìnnì nísàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kì í tó o, orí kéréètì mínírà ni mo máa ń gbé e dúró sí. Èmi kò fọkàn tán àpótí wọ̀nyẹn láti ìgbà náà. Mo ti lọ sẹ́yìn ọ̀kan láti wo ẹni tó fara pamọ́ síbẹ̀. Wáyà, ooru, àti ológbò kan tó ń sùn ni mo bá.

Ọdún tí ọkọ̀ oníṣu gbé yín wá kí wa, tí ẹ ní ariwo Èkó kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń rò, mo mú ẹ̀yin náà lọ. Gbénró wà lórí kéréètì rẹ̀, ó ń yìnbọn. Ẹ rí àwọn nǹkan wínníwínní tó tò lórí gíláàsì, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ní, “Kí ni wọ̀nyí?”

Ó ní, “Ọ̀tá ni, Bàbá àgbà.”

Ẹ ní, “Irọ́. Eṣú ni. Sún fún mi.”

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọ̀pá kékeré náà mú bí ẹni di ọkọ́ mú, ẹ ṣánpá, ẹ ń bú eṣú, ẹ ń dárúkọ àwọn oko tí wọ́n ti jẹ lọ́wọ́ yín. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló fi géèmù tiwọn sílẹ̀ wá ń wò yín. Bẹ́ẹ̀ ni orí pupa róbótó tó wà lórí ọ̀pá náà yí kúrò, ó bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kígbe pé, “Bàbá, ẹ ti ba ẹ̀rọ mi jẹ́ o!” Ẹ ní, “Eṣú gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́ kí n tó dé, èmi ló wá bà á jẹ́?” Ẹ fi orí náà sínú fìlà, a sì jáde. Nígbà tí mo tún fi rí i, ẹ ti gbẹ́ ṣóńṣó ọ̀pá yín, ẹ sì ti yí i mọ́ ọn.

Ẹ kò sọ ìdí tí ẹ fi tọ́jú rẹ̀ fún mi rí. Ṣé ó dùn mọ́ yín ni, àbí ọ̀rọ̀ onígéèmù ló bí yín nínú?

Gbénró àti Làmídì kan àpótí tiwọn tán, wọ́n fẹ́ gbé e wọlé ní ìdùbúlẹ̀. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní ohun tó bá fẹ́ wọ ilé mi, kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé e dúró, ó kọ́ àtẹ́rígbà, Làmídì ń ráhùn lábẹ́nú pé bàbá yìí le bí ekùrọ́. Mo gbọ́ ọ. Ó wọlé lóòró.

Àti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ Gbénró. Bàbá, ohun tó ń ṣe kò yé mi. Tẹlifíṣọ̀n tuntun pẹlẹbẹ wà lókè, ó kọ̀ ọ́, ó lọ dé Ìlúpéjú láti gbé èyí tó ti gbó wá, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ikùn aboyún. Rónkẹ́ sọ fún un pé, “Èyí tó wà lókè mọ́lẹ̀ jù ú lọ.” Ó ní, “Kò jọ ọ́.” Ó ra bọ́tìnnì, ó ń gbé e sétí, ó ń tẹ̀ ẹ́ kí ó gbọ́ bó ṣe ń dún. “Kò jọ ọ́.” Ó dá a padà, ó ra òmíràn. Ó kun ara àpótí, ó dán, ó wá fi sáǹdípépà họ ibi tí ọwọ́ ènìyàn máa ń gbà, kí ó lè dà bíi pé ọ̀pọ̀ ọmọ ti fara tì í. Ta ni ń ra bàtà tuntun tó ń fi òkúta ha àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀? Mo bi í pé géèmù kò ha kún inú fóònù rẹ̀ ni? Ó ní ti fóònù, ìka nìkan ló ń ṣe é. Eléyìí, ènìyàn á dúró, á fi èjìká ṣe é, ẹlòmíràn á sì dúró tì í. Mo ní ta ni ẹlòmíràn náà? Ó tún mú sáǹdípépà, ó ń họ ọ́ lọ.

Nígbà tó tan iná sí i, ó ní kí n wá dúró níwájú rẹ̀. Pákó tó di ọ̀pá àti bọ́tìnnì mú ga dé àyà mi, apá mi wá wà lókè bí apá ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ojú Gbénró fà ro.

Ó ní, “Ìgúnpá yín ni mo wọ̀n ọ́n sí, Bàbá, kí ẹ má baà máa tiro. Okùn yẹn ló sọnù, mo wá fojú dá a.”

Mo rántí ibi tí okùn náà mọ lára mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó wá sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. “Bàbá, orí ọ̀pá yẹn. Mo wà lórí kéréètì lọ́jọ́ tó bọ́. Mo ti ra oríṣiríṣi.” Ó kó wọn sí mi lọ́wọ́. Wọ́n fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ó ní, “Kò sí èyí tó jọ ọ́.”

Mo ní, “Bàbá mi ló ni ín. Màá bi wọ́n.”

Nítorí náà, mo ń bi yín. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó bá ti gba orí ọ̀pá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lónìí, yóò gba ọ̀pá lọ́la, yóò gba yàrá lọ́tùn-únla. Mo ti rí i ní àdúgbò yìí. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ẹ fi hàn mí.

Èmi Múlíkátù: ibí yìí ni Bàbá ti ní kí n dúró, pé àwọn ń retí èsì. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó pè mí padà.

Bàbá mi, ẹ kò dáhùn. Mo gbé ọ̀pá ti ògiri, mo ní tí ẹ kò bá fẹ́, kí ó ṣubú. Kò ṣubú. Inú mi fẹ́ dùn, mo tún rò ó pé ó lè jẹ́ ògiri ló dì í mú. Mo gbé e ti àga, kò ṣubú. Àlá, mi ò lá. Ṣé bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé náà ni, tí mo bá bi yín léèrè, tí ẹ á máa kọ ebè yín lọ, kí n lè fúnra mi mọ ohun tó yẹ?

Mo pe Gbénró. Mo fa okùn yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ó la ẹnu. “Bàbá! Ẹ̀yin lẹ mú un?”

Mo ní, “Ṣebí ìwọ lo gé e?” Mo wá sọ ohun tí okùn gígé jẹ́ fún un, àti ti ọjọ́ tí mo wọ̀n yín. Bàbá, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí tàìsì. Kò mọ̀. Mo wo ojú rẹ̀ fínnífínní, mo wá irọ́ níbẹ̀, mi ò rí i. Lẹ́yìn náà ló wá gbé orí sókè, ó ní, “Bàbá, ẹ rò pé mo fẹ́ sin yín?” Omi ti lé sí i lójú. Mo ní kí ó dìde, kí ó má fi eruku ba aṣọ iṣẹ́ jẹ́.

Mo ní, “Pe Làmídì. Ẹ fi okùn yìí wọn pákó yín. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, ọwọ́ mi ni kí ẹ dá a padà sí. Kò gbọdọ̀ sùn lọ́dọ̀ káfíńtà.” Mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi sọ pákó náà kalẹ̀. Mo na ọwọ́, Làmídì gbé okùn lé e. Bí mo ṣe gba tiyín padà nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí wọ́n wọ̀n ló fúnra rẹ̀ gbà á.

Mo wá di ọ̀pá yín mú, mo yí orí pupa náà. Kò fẹ́ kúrò, ó ti mọ́ igi lára. Mo sọ fún yín pé tí ẹ bá ń bínú, kí ó má yọ. Ó yọ. Gbénró fi aṣọ nù ún, ó yí i mọ́ ọ̀pá kékeré náà, ó wọlé rẹ́gí bíi pé ó ti ìrìn-àjò dé. Kò sọ pé ó jọ ọ́.

Ó ní, “Bàbá, ẹ bọ́ síbẹ̀.”

Eṣú tún tò wá. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ mọ̀ mí. Ọwọ́ kan ni mo fẹ́ fi mú un, ọwọ́ kejì lọ bá a fúnra rẹ̀. Apá mi wà ní ibi tí apá yẹ kí ó wà. Mo ń ṣán wọn, wọ́n ń pọ̀ sí i. Wọ́n pa mí. Gbénró na ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ bọ́tìnnì kan, mo tún wà láàyè. Wọ́n tún pa mí, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó dúró tì mí gan-an, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tó wà lórí kéréètì, ó ń pariwo pé, “Ẹ lọ sí òsì, Bàbá, òsì!” Mo ní kí ó fi mí lọ́rùn sílẹ̀, pé mo ti mọ eṣú kí wọ́n tó bí i.

Ikú tí ènìyàn ń kú tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì sí yẹn, mo ṣì ń fura sí i. Ṣé irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín? Tó bá wà, kí ló dé tí ẹ kò tíì tẹ̀ ẹ́?

Orí pupa yín wà ní pálọ̀ mi báyìí. Tí inú yín kò bá dùn sí i, ẹ jẹ́ kí ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ bó ṣe bọ́ sí yín, yóò yé mi. Ọ̀pá yín ni mo ṣì fi ń rìn. Orí rẹ̀ tó pá, okùn Gbénró ni mo wé mọ́ ọn, mo sì so ó kókó kókó kí ọwọ́ mi má baà máa yọ̀. Ibẹ̀ ni yóò wà. Bí ọjọ́ bá pé, wọn kò ní wá okùn kiri. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó rántí pé ìgúnpá ló mọ. Ìyókù mi, ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n ọ́n.

Ẹ bá mi kí Ìyá mi. Ẹ má retí mi nísinsìnyí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ yín,
tí ọ̀pá yín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ níbí: ●

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Làmídì káfíńtà, tó ní kí n kọ ọ́ pé òun kò bínú.
Gbénró, ọmọ wọn, tó rí i nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò jẹ́ kí ó ka ìwé náà.